Ẹ Gbin Pèrègún Yí Ilẹ̀ Gbangba Festac Ká

Kò sí àgbẹ̀ kan tí kò mọ ọgbọ́n tí olè ilẹ̀ fi ń jalè. Kì í gba oko olóko ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ebè kan ni yóò kọ kọjá ààlà ní ọdún yìí, yóò kọ méjì sí i ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún keje, òun ni yóò máa bi olóko léèrè pé ta ni ó fún un láyè láti gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe ń gbin pèrègún sí ojú ààlà. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ààlà ni. Ilẹ̀ tí kò ní pèrègún ni à ń wí, èyíinì ni àwọn ilẹ̀ gbangba tí ó wà ní Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìlú náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ibẹ̀, ilẹ̀ oko àti ilẹ̀ odò. Ìjọba ológun gba ilẹ̀ náà ní orúkọ gbogbo ènìyàn, ó sì kọ́ ilé tí ó lé ní 5,000 sí i láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February, ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, kèké ni a ṣẹ́ láti pín ilé fún àwọn ará ìlú, lábẹ́ àbójútó Federal Housing Authority tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Àwọn tí ó ya àwòrán ìlú náà kò kọ́lé kún gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi gbàgede sílẹ̀ láàrin ilé sí ilé, kí ọmọdé lè rí ibi ṣeré, kí igi lè dàgbà, kí omi òjò sì lè rí ilẹ̀ tí yóò mu ún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé wọ́n gbàgbé ibẹ̀ ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó gba ilé nígbà náà, ilé àti gbàgede ni ó gbà pọ̀.

Kí ni ó wá dé bá gbàgede wọ̀nyí? Ìtàn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìsọ̀ pákó kan ni yóò kọ́kọ́ dé, ẹni tí ó ni ín yóò sì sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Kò pẹ́, búlọ́ọ̀kù yóò rọ́pò pákó. Kò pẹ́, ìwé yóò jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, pé ilẹ̀ náà ti ní olówó. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn aláṣẹ yóò dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa àti katapílà, wọn yóò ní ilé náà kò bá òfin mu, ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ yóò sì máa sunkún lórí àlàpà. A wá ń béèrè: ta ni ó tà á fún un? A kò tíì gbọ́ kí wọ́n wó ilé ẹni tí ó ta ilẹ̀. Ilé ẹni tí ó rà á ni wọ́n ń wó.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé ni ènìyàn ń fẹ́ ní Èkó, kì í ṣe koríko. A gbà pé àìrílégbé pọ̀, ẹgbẹ́ wa kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí ilé gbé lórí gbàgede tí a jí? Ṣé alágbàṣe ni? Ṣé obìnrin tí ń kiri ọjà, tí òun àti ọmọ márùn-ún ń gbé inú yàrá kan ni? Rárá o. Ẹni tí ó ti lówó tẹ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Festac rẹlẹ̀, odò àti àbàtà sì sún mọ́ ọn. Ibi tí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò, omi tí ilẹ̀ ìbá mu yóò wá ojú ọ̀nà àti yàrá ènìyàn lọ. Àgbẹ̀ tí ó fi apá kan oko rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, ta ni yóò pè é ní ọ̀lẹ?

Àwọn mìíràn yóò ní ìjọba ni ó ni ilẹ̀, ohun tí ó bá wù ú ni yóò fi ṣe. Irọ́ ni. Àwọn baba wa ti ro ẹjọ́ yìí rí, wọ́n sì jàre. Apápá kò jìnnà sí Amúwo. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Apápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pẹ̀lú Herbert Macaulay, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, Privy Council dá Olóyè náà láre, ó sì fi yé ayé pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, alágbàtọ́jú ni ìjòyè jẹ́. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 pàápàá, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kórìíra, sọ pé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà ní ìkáwọ́ Gómìnà fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí Gómìnà bá jẹ́ alágbàtọ́jú, àjọ ìjọba àpapọ̀ kò lè sọ ara rẹ̀ di olóko. Ní ọdún 2003 ẹ̀wẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ìlú-kíkọ́ wà. Nítorí náà, Àbújá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan Èkó, Èkó kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń ti ẹrù náà síra wọn, olè ilẹ̀ ni ó ń rí àyè kọ ebè.

Ìtìjú ni ó tún jẹ́ pé àwa Yorùbá ni a gbọ́dọ̀ máa kọ́ ní ìwúlò ilẹ̀ gbangba. Ìlú wo ni kò ní ojúde ọba? Agboolé wo ni kò ní àgbàlá? Kò sí ọba tí yóò gé ojúde rẹ̀ tà tí àwọn ìjòyè yóò sì máa wò ó níran.

Àwọn ará Boston ní Amẹ́ríkà ra pápá kan ní ọdún 1634, kí màlúù gbogbo ará ìlú lè máa jẹko níbẹ̀. Màlúù ń jẹko níbẹ̀ títí di ọdún 1830. Ìlú dàgbà yí pápá náà ká, owó ilẹ̀ sì ga sókè. Síbẹ̀ wọn kò gé e tà. Títí di òní, tálákà àti ọlọ́rọ̀ ni ó ń jókòó sí abẹ́ igi rẹ̀. Àwa ní Èkó ní pápá eré ẹṣin tiwa, níbi tí a ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí a sì ta tiwa ní ọdún 1960. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun kọ́ Tafawa Balewa Square sí i, ògiri sì yí i ká. Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tí ó dára: ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni a sọ di Freedom Park ní ọdún 2010, tí ará ìlú ń gbafẹ́ níbẹ̀. Èkó tí ó lè sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di gbàgede, kí ni ó dé tí ó fi ń jẹ́ kí a sọ gbàgede di ọjà títà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan ni. Ìlú ń nà bọ̀ wá bá yín. Àwọn ọgbà màlúù ìjọba, irú èyí tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní sí Fáṣọlá ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, àti àwọn oko tí a gbà lọ́wọ́ baba yín, ọjọ́ kan lè dé tí ẹnìkan yóò fẹ́ sọ wọ́n di ẹ́sítéètì. Bí a kò bá yọ ìpín gbogbo ènìyàn sọ́tọ̀ kí a tó ta pùlọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, a kò ní rí i yọ mọ́.

Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí a gbé àwòrán àkọ́kọ́ ti Festac síta ní gbangba, ní èdè tí ará ìlú gbọ́, kí olúkúlùkù lè rí ibi tí gbàgede wà. Èkejì, kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó jọ fi ọwọ́ sí ìwé òfin tí yóò ya gbàgede tí ó kù sọ́tọ̀ fún ará ìlú títí láé, tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan kò ní lè dá yí padà. Ẹ̀kẹta, kí a dárúkọ àwọn tí ó ta gbàgede, kí a sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, nítorí ọ̀kánjúwà àti olè, ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí a ṣe òfin pé ilẹ̀ oko tàbí ọgbà màlúù kankan kò gbọ́dọ̀ di ẹ́sítéètì láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ pa ààlà gbàgede rẹ̀.

Iṣẹ́ kù fún àwa náà. Gbàgede tí ó bá di ààtàn, ẹni tí ó fẹ́ jí i ni a ń ràn lọ́wọ́. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin jáde lọ ro èyí tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n gbá a, kí wọ́n sì gbin pèrègún yí i ká ní tòótọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ebè kọjá ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú gbogbo wa ni yóò ti kọ ọ́.