Ọkọ̀ àbíkú! Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú pọ́ǹpù

Lọ́rì tó kọ̀ jálẹ̀ tí kò sítáàtì rárá, ìyẹn ṣì sàn. Ọgbà mẹkáníìkì ló máa wà, ẹni tó ni ín á sì mọ̀ pé kò síṣẹ́ lónìí. Èyí tó ń ba ni lórúkọ jẹ́ lèyí tó ń kú tó tún ń jí. Yóò jí láàárọ̀ kùtù ní Ṣakí, wọn á kó iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, yóò sáré kọjá Àgọ́-Àrẹ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dé Òkákà, nínú igbó tí kò sílé, yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí! Mọ́tò-bọ́ì á bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé sójú títì, kí ọkọ̀ mìíràn má baà rọ́ lù wọ́n lẹ́yìn. Ìyá oníṣu tó yẹ kó ti máa tajà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, á jókòó sábẹ́ igi, á máa wo ẹrù rẹ̀ nínú oòrùn. Tó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú, awakọ̀ á tún ṣíná, gbìì, ọkọ̀ jí. Àbíkú pọ́ńbélé!

Tí wọ́n bá wá rá pálá dé Ìsẹ́yìn, mẹkáníìkì mìíràn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ tí yóò fi ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, àfi kí wọ́n tú u. Owó ńlá rèé o.

Énjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń tanná. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ṣe é tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún 1897 (òun náà ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1913 tí wọn kò rí i nínú yàrá rẹ̀ mọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Afẹ́fẹ́ ló ń kì pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, dísù tó bá fín sí i á sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó ń kú tó ń jí, dísù tí kò dé ibi tó yẹ kó dé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bó ṣe kú gan-an ni kí awakọ̀ sọ. Ṣé ó ń húkọ́, tí agbára rẹ̀ ń dín kù kó tó kú? Ebi dísù nìyẹn. Àbí ńṣe ló kú lójijì, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ? Ẹ wá wáyà tó lọ sídìí pọ́ǹpù, gbágungbàgun títì lè ti tú u. Àwọn lọ́rì àtijọ́ tí wọ́n ń fa okùn pa kò ní wáyà yìí. Ti tírélà tuntun tó ní kọ̀ǹpútà, rewáyà tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ pè.

Tó bá jẹ́ ebi dísù, bó ṣe kú báyìí, kí wọ́n ṣí ìdérí táǹkì, kí wọ́n tẹ́tí. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé “fíìì”, ihò tí táǹkì fi ń mí ló dí. Dísù ń jáde, afẹ́fẹ́ kò wọlé, bí ọmọdé tó ń fa omi nínú ìgò láìgbẹ́nu kúrò. Eruku ń ṣe é, ṣùgbọ́n awakọ̀ mìíràn ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ọ̀rá sábẹ́ ìdérí, pé kí dísù má dànù!

Bí kò bá dún, ó lè jẹ́ pé ewé tàbí àkísà ló wà nínú táǹkì. Bí énjìnnì bá ń fà, á lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Bó bá kú, á já bọ́. Ìdí nìyí tó fi ń jí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀, fítà ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣáá! Páìpù tó lu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní jò sílẹ̀, nítorí fífà ni wọ́n ń fa dísù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa fà mọ́ ọn. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì orí fítà díẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ pọ́ǹpù ú. Tó bá yọ ìfófòó, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Èyí tó dájú jù ni ti gálọ́ọ̀nù. Kí mẹkáníìkì di gálọ́ọ̀nù dísù tó mọ́ mọ́ ibi tó jìnnà sí sàléńsà, kí ó fi rọ́bà tuntun so ó tààrà mọ́ ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà, kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Ẹ má fi pẹtiróòlù dán an wò o! Bó bá ṣì ń kú, ó di kí wọ́n wo fítà àti pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi gálọ́ọ̀nù yìí rin ibi tó máa ń kú sí láìkú, táǹkì àti páìpù ni wọ́n máa fọ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n fẹ́ tú yẹn kò mọwọ́mẹsẹ̀.