Ìwé Ìnáwó Káńsù: Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Kíkà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí méjèèjì. Aláàwẹ̀ tí kò rí omi fi ṣínu, àti olùkírun tí kò rí omi ṣe àlùwàlá, ọ̀ràn káńsù kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Ní Màkókò tí mo ń gbé yìí, ọ̀sà ni a kọjú sí. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n kò ṣe é mu. Rírà ni a ń ra èyí tí a ń mu. Méruwà ni ó ń tì í wá lórí ọmọlanke, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ará wa tí ilé wọn wà lórí ọ̀sà a sì máa fi ọkọ̀ gbé tiwọn. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá ọlọ́mọ tí ó yọ owó omi nínú owó ọbẹ̀ kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn àgbà mọ́sáláásí lọ sí ọ́fíìsì àwọn alága káńsù, ní ibi gbogbo tí mo ti gbé. Bí Ràmàdáánì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó lọ. Bí Iléyá bá súnmọ́ tòsí, a ó tún lọ. A ó ṣe àdúà, wọn a fún wa ní ìrẹsì àti àgbò, a ó dúpẹ́, a ó ya fọ́tò, ó parí. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyẹn, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè pé: Alàgbà, níbo ni ìwé ìnáwó ọdún yìí wà? Eélòó ni ẹ kọ sílẹ̀ fún gọ́tà? Eélòó fún omi? Ta ni ẹ gbà pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ohun tí ó là mí lójú ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kí n tó dé Màkókò, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Káńsù ibẹ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí iwájú mọ́sáláásí wa. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, ankara ẹgbẹ́jọdá kún ojúde, èmi gan-an ni mo sì ṣe àdúà. Omi tú yàà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi náà fi dá. Mo dìde, mo lọ béèrè. Akọ̀wé kan tí ó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn ṣí ìwé fún mi wò. Owó gbígbẹ́ kànga wà níbẹ̀. Owó ọ̀dà wà níbẹ̀. Owó ọjọ́ ṣíṣí pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí owó epo jẹnẹrétọ̀, kò sí owó àtúnṣe, kò sì sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí a gbà pé kí ó máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Akọ̀wé náà wò mí, ó ní, "Ààfáà, ẹ̀rọ ni wọ́n rà, wọn kò ra omi."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó, omi àti òṣìṣẹ́, ọ̀ràn kan náà ni wọ́n. Ìwé ìnáwó tí kò ka òṣìṣẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, àwòrán lásán ni ó rà fún ìlú.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ omi ti ń ká àwa Mùsùlùmí Èkó mọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó, wọ́n ní ará ìlú ni yóò san owó rẹ̀. Ní 1908, àwọn ará Èkó tú jáde pé àwọn kò gbà. Ọdún náà ni Dókítà Randle àti Dókítà Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí owó omi náà wá dé ní tòótọ́, ní nǹkan bí 1915 sí 1916, ìjà wọ inú mọ́sáláásí. Lèmọ́mù Àgbà ìgbà náà fara mọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú jàmáà kọ̀ jálẹ̀. Báyìí ni Mùsùlùmí Èkó ṣe pín sí ẹgbẹ́ Lèmọ́mù àti ẹgbẹ́ Jàmáà, tí wọ́n sì bá ara wọn dé kóòtù. Ẹ sì wò ó: ọdún 1920 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí ará Èkó dìbò yan díẹ̀ nínú àwọn tí ń jókòó ní káńsù. Wọ́n ti bu owó lé ènìyàn lórí kí wọ́n tó bi í léèrè. Owó tí a kò bá gbìmọ̀ lé lórí, àní ilé Ọlọ́run pàápàá, ó lè fà á ya.

Àwọn kan yóò sọ pé bí ẹni tiwa bá ti wà ní ipò, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1950, Mùsùlùmí, Dókítà Abubakar Olorun-Nimbe, ni ó di Méyọ̀ Èkó. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé ìwádìí dìde lábẹ́ ọ̀gbẹ́ni Bernard Storey lórí bí wọ́n ti ń ṣe àkóso káńsù náà, nígbà tí ó sì di 1953, òfin tuntun pa ipò Méyọ̀ rẹ́. N kò mú èyí wá láti bú òkú. Kí Ọlọ́run forí jì í. Ohun tí mo ń wí ni pé jíjókòó ẹni tiwa lórí àga kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ṣíṣí ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti Àbújá máa wọ inú àpò àjọni kan tí Ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ogún péré ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkó tí ó wà nínú ìwé òfin náà. Ní 2003, nígbà Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, Èkó fi 37 kún un, wọ́n di 57. Yábàá, tí a yọ lára Lagos Mainland, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó àwọn káńsù Èkó dúró nítorí èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn káńsù tuntun kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Kékeré ní Àbújá yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Ààrẹ Yar'Adua ni ó tú owó náà sílẹ̀ ní 2007. Erin méjì jà, ẹ mọ koríko tí ó fara gbá a.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé-Ẹjọ́ kan náà tún dájọ́ pé tààrà ni kí owó máa dé ọwọ́ káńsù, àti pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ tú káńsù tí a dìbò yàn ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jó. Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé: bí owó bá gba ọ̀nà tààrà dé ẹnu ilẹ̀kùn káńsù, ta ni ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láti kà á? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ọ̀nà nìkan ni a yí padà, a kò yí ìwà padà.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó le jù, nítorí ọwọ́ wa kò mọ́ nínú rẹ̀. Owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì ti ń mú tirẹ̀ nínú owó káńsù kí ohunkóhun tó kù. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́, ìgbìmọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà wọ́n tí ó sì ń gbé wọn kiri. Àwọn kékeré ni káńsù ń gbà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa ti ń gbé orúkọ ọmọ wa lọ. Èmi náà ti gbé orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ rí, n kò sì béèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí olúkúlùkù bá fi ọmọ tirẹ̀ kún ìwé owó oṣù, níbo ni owó epo yóò ti kù? Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, ìyá wa a gba ilẹ̀, a bo àmù. Mélòó ni a rí mọ́ lónìí? Bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà, ọjà, ilẹ̀ ìsìnkú, àti kíkó ilẹ̀ wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ààfáà, ẹ jókòó ti tẹ̀sùbáà yín, ẹ fi òṣèlú sílẹ̀." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n āyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, nínú Súrátùl Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó dá lé: pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bí Ọlọ́run bá pàṣẹ èyí lórí gbèsè láàrin ẹni méjì, kí ni ti owó gbogbo ìlú? Sàyídínà Úmárù ni ó dá ìwé Dìwáánì sílẹ̀, tí a kọ orúkọ olúkúlùkù àti ohun tí ó tọ́ sí i sí. Sàyídínà Úsúmáánù sì ra kànga Rúmà ní Mọ̀dínà, ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti máa pọn. Kì í ṣe ọjọ́ ṣíṣí rẹ̀ ni a fi ń rántí rẹ̀, bí kò ṣe omi rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ káńsù gbogbo, àti tiwa náà. Kí ọdún tó parí, kí wọ́n ka ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ sókè ní gbangba, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Ẹ̀gùn, ní ọjà, ní mọ́sáláásí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ̀rọ kankan má wọ ìwé àfi bí owó epo rẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ àti orúkọ olùtọ́jú rẹ̀ bá tẹ̀lé e. Kí wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ wọn mọ́ ògiri, kí ìlú lè mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bá wí.

Ní tiwa, ẹ̀yin ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo ni. Ní Ràmàdáánì tí ń bọ̀, bí a bá dé ọ́fíìsì alága, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìwé kí a tó ṣe àdúà. Bí wọ́n bá fi ìwé hàn wá, a ó ṣe àdúà tí ó gùn. Bí wọ́n bá gbé àgbò síwájú, tí wọ́n fi ìwé pamọ́, kí a fi àgbò sílẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò nira. Ilé tèmi náà ń retí ẹran. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹ lè bá mi wí bí mo bá yẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn olórí wa ní ẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì fún àwa ní ẹnu tí a ó fi béèrè. Àmín. Wasaláámù.