Iná Jó Káàdì Ìdìbò l'Ábẹ́òkúta, Kò Rí Àkọsílẹ̀ Jó: Kí Àwọn Oníléeṣẹ́ Ọ̀tà Gbọ́

Lóṣù kọkànlá, ọdún 2022, àwọn jàǹdùkú fo ọgbà ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní Gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n sì dáná sun ún. Àjọ náà ní búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú epo bẹntiróòlù ni wọ́n jù wọlé. Káàdì ìdìbò 65,699 tí àwọn tó ni ín kò tí ì gbà ló jóná. Síbẹ̀, INEC tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, nítorí pé ilé tó jóná yẹn nìkan kọ́ ni orúkọ àwọn olùdìbò wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀tà àti Sàǹgó gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti epo dísẹ̀lì ti pọ̀ nínú ọgbà iléeṣẹ́. Ilé ìkó-àkọsílẹ̀-pamọ́ tó dára gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí àgbàrá kò lè dé, kó ní ẹ̀rọ tí ń tètè gbóòórùn èéfín, àti gáàsì tí ń pa iná láì fi omi ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà kejì bá wà nínú ọgbà kan náà, iná kan ṣoṣo ni yóò jó méjèèjì.

Ìjọba Gúúsù Kòríà pàápàá kò yọ. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, bátìrì lithium gbiná ní ibùdó kọ̀ǹpútà wọn ní ìlú Daejeon. Fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó tó terabyte 858 ṣègbé, torí kò ní ẹ̀dà níta.

Oníléeṣẹ́ tí kò lówó irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì lè máa kó ẹ̀dà ìwé owó-oṣù àti gbèsè oníbàárà lọ sí ìlú mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa ṣí i wò.