Ẹ yéé fi msleep tan ara yín jẹ

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ driver, ìyẹn kóòdù tó ń bá mẹ́mọ́rì káàdì sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí mi lónìí. Tí káàdì ò bá dáhùn, ẹ ó fi msleep(100) sí i pé kí kóòdù sùn díẹ̀. Tó bá tún kọ̀, ẹ ó sọ ọ́ di 500. Error pòórá, ẹ kọ "fixed", ẹ lọ sùn. Irọ́ ni! Ẹ ò tún nǹkan kan ṣe.

2/ Káàdì SD ní ẹnu o. Tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, á fa wáyà DAT0 wálẹ̀: "mi ò tíì ṣetán." Tó bá parí, á tú u sílẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń méfò nígbà tẹ́ ẹ lè béèrè? Ṣebí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

3/ Wọ́n á ní "Linux náà ń dúró." Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń dúró. Òfin SD ní kí káàdì má lò ju 250ms lọ láti kọ nǹkan, 500ms fún SDXC. Àwọn káàdì kan ò tẹ̀lé e. Àwọn tó ń kọ kernel fi í sí 300ms nígbà kan, kò tó, wọ́n gbé e dé ìṣẹ́jú àáyá 3. Gbèdéke nìyẹn, kì í ṣe oorun! Káàdì tó parí ní 5ms ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Msleep(500) tiyín á dá èyí tó yára dúró, èyí tó nílò 600 á sì tún dákú.

4/ "A rẹ clock sílẹ̀ sí 25MHz, ó ti ń ṣiṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣé káàdì rí clock 74 tó yẹ kó rí kẹ́ ẹ tó fi àṣẹ àkọ́kọ́ ránṣẹ́? Ṣé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 400kHz wálẹ̀?

5/ Ní SDR104, clock ń sáré ní 208MHz. Ooru lásán lè sún àsìkò tó yẹ kẹ́ ẹ ka data. Ìdí tí CMD19 fi wà nìyẹn: káàdì á fi byte 64 tí gbogbo wa ti mọ̀ ránṣẹ́, ẹ ó dán àsìkò oríṣiríṣi wò, ẹ ó mú èyí tó kà á pé. Nọ́ńbà tó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì yín kì í ṣe ti gbogbo ayé.

6/ Ta ló ń jìyà ẹ̀? Ẹni tó ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀, tí fáìlì ò ṣí lọ́jọ́ kejì. Á ní féèkì ni wọ́n tà fún òun, á lọ bá oníṣọ́ọ̀bù jà. Féèkì wà lóòótọ́, àmọ́ nígbà míì, driver ló gba iná lọ́wọ́ káàdì tó ṣì ń kọ̀wé.

7/ Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi delay kankan sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: kí ló dé tó fi jẹ́ nọ́ńbà yìí, ojú ìwé wo nínú òfin SD ló ti wá? Tẹ́ ò bá lè dáhùn, ẹ má tíì kọ "fixed."