Iṣẹ́ Tí À Ń Ṣe, Iṣẹ́ Tí A Rán Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́". Òun la fi ń pe ohun tí à ń ṣe jẹun. Òun náà la fi ń pe ohun tí wọ́n rán ni. Inú rẹ̀ ni "ìránṣẹ́" ti jáde. Ìtumọ̀ méjèèjì làwọn Kristẹni tó ń fi òwò ṣe iṣẹ́ ìhìnrere dì mú, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì. Ní àwọn ọdún 1850, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, àti Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, ṣètò bí òwú Abẹ́òkúta ṣe ń dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí òwò òwú lè gba ipò òwò ẹrú.

Mi ò takò ó. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi kan, mo ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí a ti ń gbàdúrà láràárọ̀. Ọ̀gá jẹ mí lówó oṣù méjì. Nígbà tí mo béèrè, ó ní kí n kà á sí ọrẹ fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, àdúrà ibẹ̀ kò wọ̀ mí létí mọ́.

Owó oṣù tó dé lásìkò, òṣùwọ̀n tó pé: ìwàásù nìyẹn. Kí oníbàárà tó ṣí Bíbélì, ṣéńjì ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà. Ẹ̀yin tó fẹ́ dá òwò ìhìnrere sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó òṣìṣẹ́ kí ẹ tó wàásù fún un.