Ìyá Ni Wọ́n Gún Lábẹ́rẹ́, Kì í Ṣe Ẹja Inú Ọbẹ̀ Yín

Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, orin kan náà ni wọ́n ń kọ: "Má jẹ àrọ̀ inú táǹkì o, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi wú u, ó lè fa jẹjẹrẹ." Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kò dé ibi tí wọ́n ti ń mú ọmọ ẹja jáde rí.

Abẹ́rẹ́ wà lóòótọ́. Nínú odò, ìgbà òjò tí omi bá kún bo pápá ni àrọ̀ ń yé. Ìkún omi yẹn ò sí nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé ní Ìgàndò. Ẹyin á gbó nínú abo, kò ní jáde. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́sìn fi ń gún ìyá ẹja ní oògùn Ovaprim nírọ̀lẹ́, ìdajì mìlílítà fún kílò kan. Kí Ovaprim tó dé, láti inú orí àrọ̀ mìíràn, lábẹ́ ọpọlọ, ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n ń gún un. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rọra tẹ ikùn abo, ẹyin á dà sínú abọ́. Akọ ló rí ìjàǹbá: wọ́n á pa á, wọ́n á yọ àpò àtọ̀ rẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ọmọ ti ń jáde.

Àrọ̀ tí ẹ̀ ń nàka sí nínú ọpọ́n pé kí wọ́n fi se pẹ́pẹ̀súùpù, ọmọ bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni; wọn ò gún un. Ta ló ráyè mú ẹgbẹ̀rún ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan kó máa gún wọn? Oògùn náà kì í múni sanra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú abo yé. Oúnjẹ ló ń sọ ọmọ ẹja di kílò kan, ẹ bi ọlọ́sìn léèrè iye tó ń ná lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan, ẹ bẹ̀rù oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sómi, tí wọn ò sì dúró kó kúrò lára ẹja kí wọ́n tó tà á. Ìyẹn ni kí ẹ bi ẹlẹ́ja kí ẹ tó sanwó.