Ọmọ iléèwé ló ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé àwọn ọmọ Bariga tó ń kọrin ò níṣẹ́, ẹ jókòó. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀ lónìí.

Láti Sátidé ni mo ti ń gbọ́ Try and Love, rẹ́kọ́ọ̀dù Ofege tó jáde ní 1973. Ẹ lọ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Gìtá yẹn ń ké bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú, báàsì ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Fọ́ǹkì ni àbí rọ́ọ̀kì? Èmi ò mọ̀, orí mi ṣá ń mì.

Ta ló ṣe é? Ọmọ iléèwé! St. Gregory's College, Obalende níbí. Odion Iruoje, pródúsà EMI, jókòó, ó gbọ́ wọn, ó sì gbé wọn jáde. Àgbàlagbà ni o. Kò pè é ní ariwo.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 16, orí fóònù tójú ẹ̀ ti fọ́ ló ti ń ṣe bíìtì. Bàbá wa ní ariwo ni. Bàbá tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Shomolu, tó ń ké gbàgà-gbàgà látàárọ̀ dalẹ́! Wọ́n ti gba fóònù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ yẹn ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa látìgbà náà.

Bẹ́ẹ̀ Ace tí Shina Peters ṣe ní 1989, tí bàbá wa máa ń jó sí lóde àríyá, Laolu Akins ni pródúsà ẹ̀. Òun náà ló ń lùlù fún BLO nígbà tí wọ́n ṣe Chapter One ní 1973. Ọmọ "aláriwo" ayé ìgbà yẹn ló kúkú ń mú yín jó!

Ẹ ní àwọn tàtijọ́ mọ gìtá ta, tiwa ń tẹ fóònù. Òótọ́ ni. Gìtá wo ló wà níléèwé tiwa? Ìlù kan ṣoṣo tá a ní, ti asẹ́ńbílì ni, awọ ẹ̀ ti ya. Ẹ̀ ń fi Olamide yangàn pé ọmọ Bariga ni, èyí tó ń kọrin lẹ́yìnkùlé yín ńkọ́?

Dádì, tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà bá a dá fóònù yẹn padà. Bíìtì kan wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ kó parí.